“Àkójọ àwo” kọ́ ni “àgbéjáde”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn o.

Láti ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí ìbéèrè àbúrò wa obìnrin. Àpilẹ̀kọ ló ń kọ lórí àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì bíi R.E.M. àti The Smiths. Ó fẹ́ sọ pé òun ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì rí ohun tí yóò pe “gbogbo ohun” yẹn ní Yorùbá. Ó tún béèrè ohun tí a ó máa pe “indie” (íńdì) àti “alternative rock”, orúkọ tí wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Bàbá wa tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta ní kó pè é ní “àkójọ àwo”. Ẹnìkan ní “ìtàn àwo”. Ẹlòmíràn ní ká kúkú kọ “katalọ́ọ̀gì”, kí kálukú lọ sùn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n “àkójọ àwo” ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àkójọ àwo ni èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi: páálí méjì, Obey ló pọ̀ jù nínú wọn, eku sì ti jẹ etí páálí kan. Bí mo bá ta gbogbo wọn lọ́la, àkójọ mi tán nìyẹn. Àmọ́ àwo ńlá (álúbọ́ọ̀mù) mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí R.E.M. ṣe láàárín 1983 sí 2011 kò ní dín ẹyọ kan, ì báà jẹ́ pé n kò ní ìkankan. Ẹni tó kó nǹkan jọ ló ni àkójọ. Ẹni tó kọrin ni à ń wá ọ̀rọ̀ fún níhìn-ín. Ní ti “ìtàn àwo”, bí mo bá gbọ́ ọ, màá fìdí múlẹ̀ kí wọ́n wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ṣe àwo náà, ta ló bá ta jà ní sítúdíò.

Kí ni àwọn olórin tiwa fúnra wọn ń sọ? Wọ́n ní àwọn “gbé àwo jáde”. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń sọ ọ́, ẹni tó ń ta àwo ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, “àgbéjáde” lèmi fara mọ́. Àgbéjáde R.E.M. ni gbogbo ohun tí wọ́n gbé jáde, ńlá àti kékeré. Ìwé tí a to orúkọ wọn sí ni “àkọsílẹ̀ àgbéjáde”. Ohun méjì ni, ẹ má jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀.

Ẹ wo The Smiths, àwọn ọmọ Manchester, kí ẹ rí ìdí tí kíka àwo ńlá nìkan kò fi tó. Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n fi wà pọ̀, láti 1982 sí 1987. Àwo ńlá mẹ́rin ni wọ́n ṣe, ọ̀kan lọ́dọọdún láti 1984. Mo gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo wá ń yan kiri nínú ilé bí ẹni tó gboyè. Ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní, “Bọ̀dá, ‘How Soon Is Now?’ ńkọ́?” N kò gbọ́ ọ rí. Orin tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ ọ rí! Kò kúkú sí nínú ìkankan nínú àwo mẹ́rin yẹn bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n ní Ìlú Ọba. Ojú kejì síńgù kan, ìyẹn àwo tí orin inú rẹ̀ kò pọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ní 1984. Lẹ́yìn náà wọ́n kó o mọ́ Hatful of Hollow, àwo tí wọ́n kó síńgù àti orin tí wọ́n kọ ní ilé rédíò BBC jọ sí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló rí i nínú Meat Is Murder tiwọn, ọ̀kan nínú àwo mẹ́rin yẹn, nítorí wọ́n fi kún un fún wọn. Ìyẹn ni pé ẹni méjì lè ra àwo kan náà, kí orin inú wọn má dọ́gba.

(“Ojú kejì” tí mo kọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣẹ̀dá òmíràn. Ẹni tó bá ti fi gírámáfóònù gbọ́ jùjú mọ ohun tó ń jẹ́ ojú àwo. Orin lè máa bá orin lọ láìdúró títí ojú kìíní yóò fi tán, kó o tó dìde lọ yí i padà.)

“Katalọ́ọ̀gì” ńkọ́? N kò kórìíra rẹ̀, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo ló ni ín. Ẹ gbọ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ Factory ṣe ní Manchester kan náà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà. FAC 1 kì í ṣe àwo rárá, pósítà ni. Àwo ńlá àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Joy Division ní 1979 jẹ́ FACT 10. “Blue Monday”, síńgù ẹgbẹ́ New Order, jẹ́ FAC 73. Ilé ijó wọn, Haçienda, ní nọ́ńbà tirẹ̀, FAC 51. Ológbò inú ilé ijó náà jẹ́ FAC 191. Nígbà tí Tony Wilson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, kú ní 2007, wọ́n fún pósí rẹ̀ ní FAC 501. Katalọ́ọ̀gì nìyẹn. Tá a bá wá ní katalọ́ọ̀gì àti àgbéjáde jẹ́ ọ̀kan náà, olórin wo ló gbé ológbò jáde?

Ó ku “íńdì”, tí wọ́n gé kúrú láti ara “independent”. Ẹni tó ní ká pè é ní “olómìnira”, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè; bí mo bá rí i, àsíá ni mo ń wò. “Àdáni” náà ń gbé mi lọ sí ilé-ìwé olówó gọbọi. “Adádúró” ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń fi pè. Ẹgbẹ́ olórin Buzzcocks yá 500 pọ́n-ùn, wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà àwo Spiral Scratch fúnra wọn, wọ́n gbé e jáde ní 1977, wọn ò dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Adádúró gidi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtẹ orin íńdì, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó tà jù, jáde ní Ìlú Ọba ní 1980, wọn kì í wo bí orin ṣe dún kí wọ́n tó fi síbẹ̀. Ẹni tó pín àwo náà dé ọjà ni wọ́n ń wò. Lónìí, bí ọmọdé bá ní òun fẹ́ràn íńdì, gìtá kan báyìí àti ohùn kan báyìí ló ní lọ́kàn. Ó lè má mọ ẹni tó ni àwo. R.E.M. kó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá Warner Bros. ní 1988, ṣé orin wọn yí ohùn padà lọ́jọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé? Lójú tèmi, kí “adádúró” máa jẹ́ ti òwò, ká sì jẹ́ kí “íńdì” máa jẹ́ ti ìró. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí mi.

“Rọ́ọ̀kì àfirọ́pò” tí ẹnìkan fi túmọ̀ “alternative rock” kò dára rárá. Àfirọ́pò ni agbábọ́ọ̀lù tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Orin yìí kò rọ́pò ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn ilé rédíò ńlá Amẹ́ríkà kò dá a lóhùn, rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gbé e sáfẹ́fẹ́, títí ìwé ìròyìn orin Billboard fi la àtẹ ọ̀tọ̀ fún un ní oṣù Kẹsàn-án 1988. Ó kúrò lójú títì, ó yà bàrá gba ọ̀nà tirẹ̀. “Rọ́ọ̀kì ayàbàrá” ni mo dábàá.

Kí ẹnikẹ́ni tó sì béèrè pé kí ló kàn wá, olórin ẹgbẹ́ TV on the Radio ní Brooklyn, Tunde Adebimpe ló ń jẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé àwo OK Calculator jáde ní 2002, láìsí ilé-iṣẹ́ kankan nídìí rẹ̀. Àgbéjáde rẹ̀ nìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ sí nínú katalọ́ọ̀gì ẹnikẹ́ni.

Àbúrò wa, ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ ló kù. Èyí tí mo ṣe fún The Smiths, “àgbọ́ìgbọ́tán” ni; ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa ni. Mú àìtán inú rẹ̀ kúrò, ó di “àgbọ́tán”. Nítorí náà, báyìí ni èmi yóò ṣe kọ gbólóhùn rẹ: “Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń gbọ́ àgbéjáde àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ayàbàrá ní àgbọ́tán, ojú kìíní àti ojú kejì.” Bí Bàbá bá ṣì fẹ́ fi “àkójọ” sí i, kó fi síbi tó ti máa sọ iye tó o ti rà.