Àjẹsára tí òtútù mú nínú sítọ́ọ̀ ìjọba ìbílẹ̀: ṣé a lè pín in?

Alákòóso_Sítọ́ọ̀, Ìpínlẹ̀ Niger

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlera ní òkè Ọya. Èmi ni mo ń bójú tó sítọ́ọ̀ àjẹsára ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí àwọn ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù ti ń wá gba tiwọn lóṣooṣù. Fíríìjì méjì tí ń ṣí láti òkè ni a ní: ọ̀kan ń lo iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀, èkejì ń lo oòrùn. Nígbà tí mo yẹ ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣọ́ ìgbóná inú wọn wò láàárọ̀ àná, mo rí i pé ti fíríìjì oníná ti gbé àmì ìkìlọ̀ jáde: ìgbóná inú rẹ̀ wálẹ̀ kọjá òdo lóru, ó sì wà níbẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Pentavalent (àjẹsára àìsàn márùn-ún nínú abẹ́rẹ́ kan), Td (ti tetanus àti diphtheria) àti àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) ni ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ fíríìjì náà. Mo mú wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ó dì di yìnyín, àmì onígun mẹ́rin tí ó wà láàárín òbìrìkìtì ara ìgò wọn sì mọ́ kedere. Ọ̀gá mi ní níwọ̀n ìgbà tí àmì náà bá ti dára, kí n kó wọn fún àwọn wọ́ọ̀dù, nítorí pé ọjọ́ àjẹsára ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì bójú mu kí àwọn ìyá tí yóò ti gáà àti abúlé wá padà lọ́wọ́ òfo. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa àwọn ìyá náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ti ya àwọn ìgò náà sọ́tọ̀ ná, mo sì ti kọ ọ́ sára àpótí wọn pé kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lé lórí ni ọ̀nà tí mo lè gbà mọ̀ bóyá òtútù ti bà wọ́n jẹ́ lóòótọ́, àti ohun tí ó lè mú kí fíríìjì tutù kọjá ààlà ní àsìkò tí ooru ìta ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé ẹrù tí ìpínlẹ̀ ń kó wá fún wa máa ń ju àyè tí a ní lọ, ìdí sì nìyẹn tí apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ fi máa ń kún.

Bàbá_Ìlọrin, Kàdúná

Ẹ kú àmójútó. Ẹ ṣeun tí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ àjẹsára tí ń bọ̀ kán yín lójú débi tí ẹ óò fi tú wọn sílẹ̀ láìtíì dán wọn wò.

Àmì ara ìgò tí ọ̀gá yín gbẹ́kẹ̀ lé, ooru nìkan ni ó mọ̀. Láti 1996 tí wọ́n ti kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sẹ́nu, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán an: bí ooru bá ṣe ń pọ̀ lára ìgò, bẹ́ẹ̀ ni onígun mẹ́rin náà ń ṣú sí i, nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá sì ti bá ti òbìrìkìtì tí ó yí i ká dọ́gba, tàbí tí ó ṣú jù ú lọ, a kò gbọdọ̀ lo ìgò náà mọ́. Bí ìgò bá dì lóru tí ó sì yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, àmì yẹn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ooru ni gbogbo wa ń bẹ̀rù ní òkè Ọya níbí, òun ni a ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru, èrò mi sì ni pé ìdí nìyẹn gan-an tí òtútù fi ń rí àyè ba nǹkan jẹ́ mọ́ wa lójú.

Pentavalent, Td, hepatitis B, PCV (ti pneumonia) àti HPV (ti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ), gbogbo wọn ni wọ́n so mọ́ iyọ̀ álúmíníọ̀mù tí ń mú kí iṣẹ́ wọn ràn dáadáa nínú ara. Bí wọ́n bá dì, ohun tí a so pọ̀ yẹn á tú, iyọ̀ náà á ṣù jọ, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá tí yóò fi padà bọ̀ sípò. Ọmọ tí a bá gún un fún lè máà ní ààbò tí ìyá rẹ̀ gbà pé ó ti ní, kò sì ní hàn lójú ẹnikẹ́ni títí àìsàn yóò fi dé. Èyí ni ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdánwò mímì ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Ẹ mú ìgò pentavalent kan, tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é àti nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ bá ti èyí tí ẹ fẹ́ dán wò mu, kí ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kò ṣeé lò, kí ẹ sì gbé e sínú firísà mọ́jú títí yóò fi dì gbagidi. Ẹ jẹ́ kí ó yọ́ fúnra rẹ̀; ẹ má gbé e sóòrùn, ẹ má sì rì í bọ omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ di òun àti ìgò tí ẹ ń fura sí mú pọ̀ lọ́wọ́ kan náà, kí ẹ mì wọ́n fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, kí ẹ gbé wọn kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ìgò tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó dì yóò ṣe bí omi ògì tí a gbé kalẹ̀: òkè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì jókòó sí ìdí rẹ̀. Bí ìgò kejì bá ń tòrò bákan náà, tàbí tí ó yára jù ú lọ, òtútù ti mú un, ẹ kò gbọdọ̀ lò ó. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó tòrò ju èyí tí ẹ jẹ́ kí ó dì lọ, ó ṣì dára.

Oríṣi kọ̀ọ̀kan àti báàṣì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dán wò lọ́tọ̀. Ẹ má fi ìdánwò yìí yẹ IPV (àjẹsára rọpárọsẹ̀ alábẹ́rẹ́) wò o, nítorí pé kò ṣiṣẹ́ fún un. Ìgò tí ẹ bá sì fojú ara yín rí níbi tí ó ti dì kò nílò ìdánwò kankan mọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọmọ_Òkè-Ògùn, Àbújá

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ mú ìgò tí ẹ óò dán wò láti ibi tí ó tutù jù, ìyẹn ìdí apẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ògiri fíríìjì, nítorí pé àwọn tí ó wà lókè lè wà ní àlàáfíà nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́.

Ní ti ohun tí ó fà á, ohun tí mo sábà máa ń bá nínú àwọn sítọ́ọ̀ tí mo ń bẹ̀ wò ni pé bí iná bá ti lọ fún ìgbà pípẹ́ tí fíríìjì sì ti móoru, ẹni tí ó wà níbẹ̀ á yí bọ́tìnì òtútù rẹ̀ dé òpin, ní ìrètí pé yóò tètè tutù nígbà tí iná bá dé. Bọ́tìnì yẹn kì í mú kí fíríìjì yára tutù. Ibi tí òtútù rẹ̀ yóò dé kí ó tó dáwọ́ dúró ni ó ń yí padà. Nítorí náà, bí iná bá dé ní ọ̀gànjọ́ tí kò sì lọ títí di òwúrọ̀, fíríìjì náà á máa tutù lọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá bọ́tìnì padà. Ẹ wá ibi tí ó ti ń fún yín ní ìwọ̀n 2 sí 8, kí ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Kíka ìgbóná lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò sì gbọdọ̀ yẹ̀, ìbáà jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Iléyá.

Nínú fíríìjì tí ń ṣí láti òkè, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń tutù jù. Àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sẹ́nu, ti measles, BCG (ti ikọ́ ife) àti ti ibà pọ́njú ni ó lè wà níbẹ̀, nítorí pé òtútù kì í ṣe wọ́n ní nǹkan; pentavalent àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ó wà lókè. Omi tí a fi ń po measles àti BCG kò gbọdọ̀ sí nísàlẹ̀ ṣá, nítorí pé ìgò rẹ̀ lè fọ́ bí ó bá dì.

Nọ́ọ̀sì_Abúlé, Ìpínlẹ̀ Kebbi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ẹnu àwa tí àjẹsára ń dé ọ̀dọ̀ wa kẹ́yìn. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa nínú sítọ́ọ̀ kí ó sì dì nínú kúlà lójú ọ̀nà. Bí ìdì yìnyín bá ti inú firísà jáde tààrà, tí wọ́n sì tò ó sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúlà pẹ̀lú ìgò láàárín, àwọn ìgò tí ó fara kan yìnyín náà lè dì kí alùpùpù tó dé ilé ìwòsàn wa, bí oòrùn tilẹ̀ ń jó ẹni tí ó gùn ún. Ẹ jẹ́ kí ìdì yìnyín náà wà lórí tábìlì títí yóò fi làágùn, tí ẹ óò sì máa gbọ́ tí yìnyín ń lù kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nínú omi rẹ̀ bí ẹ bá mì í. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó kó o sínú kúlà. Mo ti rí àwọn tí ń kánjú tí wọn kì í dúró dè é, nítorí pé ẹni tí ó wá gba ẹrù fẹ́ tètè padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ń tóbi sí i ni. Orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ àjẹsára HPV ní oṣù Ọ̀wàrà 2023, ní oṣù Ọ̀pẹ 2024 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ibà ní Kebbi níbí àti ní Bayelsa, ìgbà mẹ́rin sì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà á. Méjèèjì kò gbọdọ̀ dì, inú fíríìjì tí ó ti kún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń kó wọn sí.

Ní ti àwọn ìyá tí ọ̀gá yín ń rò, ẹ má dúró di ọjọ́ náà. Ẹ pe àwọn alábòójútó wọ́ọ̀dù lónìí, kí wọ́n bá olórí àdúgbò sọ̀rọ̀, kí ìyá tí yóò rin ọ̀nà jíjìn mọ̀ kí ó tó gbéra. Ẹ tún bi ìjọba ìbílẹ̀ tí ó múlé gbè yín bóyá wọ́n lè yá yín ní pentavalent. BCG, measles àti èyí tí a ń kán sẹ́nu lè máa lọ ní tiwọn, kí ẹ ṣáà rí i pé omi ìpò wọn bá wọn lọ ní iye kan náà, láti ilé iṣẹ́ kan náà. Measles tí kò ní omi ìpò kò wúlò fún wa, bí a bá sì ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ni a ní.

Alákòóso_Sítọ́ọ̀, Ìpínlẹ̀ Niger

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ṣe ìdánwò náà níwájú ọ̀gá mi. Td àti hepatitis B pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó tòrò, wọ́n dára. Pentavalent láti ìdí apẹ̀rẹ̀ tòrò pẹ̀lú èyí tí mo jẹ́ kí ó dì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn sì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá mi fi ojú ara wọn rí i, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì pe ìjọba ìbílẹ̀ kejì. Bọ́tìnì fíríìjì náà wà ní òpin lóòótọ́.

Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ àyè. Báwo ni mo ṣe lè fi hàn àwọn tí ń kó ẹrù wá láti ìpínlẹ̀ pé iye tí wọ́n ń kó wá ti pọ̀ jù?

Ọmọ_Òkè-Ògùn, Àbújá

Ìṣirò ni kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ká ní àwọn ènìyàn tí ẹ ń pín fún jẹ́ 60,000. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń kà sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ìyẹn 2,400 lọ́dún, tàbí 200 lóṣù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba pentavalent lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún bá ń ṣòfò, ẹ óò pín 100 sí 75, yóò fún yín ní 1.33. Ẹ sọ 200 di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.33, yóò jẹ́ bí 800. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un fún ìgbà tí nǹkan bá yí padà, ó di 1,000, ìyẹn ìgò 100 nínú èyí tí ń gba ọmọ mẹ́wàá. Ti BCG yàtọ̀, nítorí pé ìdajì rẹ̀ ni a máa ń kà sí èyí tí yóò ṣòfò, ẹ óò sì sọ tirẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Ẹ má gba iye ènìyàn náà gbọ́ tán o. Láti inú ìkànìyàn 2006 ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ bọ̀, láti ìgbà náà sì ni àwọn abúlé kan ti tú nítorí àìsí ààbò, tí àwọn ìlú mìíràn sì ti kún. Ẹ fi iye ọmọ tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gún lábẹ́rẹ́ lóòótọ́ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n rí méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ọjọ́ tí ó kù lára ohun tí wọ́n bá kó wá pẹ̀lú. Ní Àbújá níbí, ní ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀pẹ 2021, ìjọba pa abẹ́rẹ́ Kòrónà AstraZeneca 1,066,214 run nítorí pé ọjọ́ wọn ti pé. Ọjọ́ tí ó kù lára wọn nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ti kéré jù. Nínú sítọ́ọ̀ tiyín, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ni kí ó kọ́kọ́ jáde, àyàfi bí àmì ara ìgò mìíràn bá ti ń ṣú. Ìyẹn ni kí ó ṣáájú gbogbo wọn.

Ẹ kọ iye tí ó kéré jù àti iye tí ó pọ̀ jù fún oríṣi kọ̀ọ̀kan sójú ìwé kan, kí ẹ fi iye lítà tí fíríìjì yín gbà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀gá yín bu ọwọ́ lù ú, kí ó sì dé ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó di ẹrù oṣù tí ń bọ̀. Ìwé àwọn pentavalent tí ó bàjẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà báàṣì wọn àti iye ìgò, ni kí ẹ so mọ́ ọn.