Ìjánu kì í ṣe onílù: èsì sí ìtọ́sọ́nà ìjánu ẹ̀yìn ọkọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ka ìtọ́sọ́nà tí ọ̀gbẹ́ni wa fi ránṣẹ́ lórí bí èèyàn ṣe lè fúnra rẹ̀ yọ dúrọ́ọ̀mù ìjánu (bíréèkì) ẹ̀yìn ọkọ̀ nílé, kó fi dísìkì, àwo irin pẹrẹsẹ, rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n "ìjánu onílù" tó pe dúrọ́ọ̀mù yẹn, ara mi kò gbà á.

Ṣebí "lù" ló wà nídìí ìlù: ohun tí a ń lù ni. Ta ló ń lu nǹkan níbẹ̀? Irin rìbìtì tó jinnú ni dúrọ́ọ̀mù, ó ń bá táyà yí. Bí a bá tẹ ìjánu, irin títẹ̀ méjì inú rẹ̀, tí à ń pè ní bàtà, á fẹ̀ síta, wọ́n á fún mọ́ ọn láti inú títí ọkọ̀ á fi dúró. Ẹni tó sọ pé òòlù la fi ń gbá a kó tó yọ, irin tó dógùn-ún ló ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ ìjánu. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé "bàtá" ni ọ̀gbẹ́ni kọ fún bàtà náà, jálẹ̀jálẹ̀. Àmì kan ṣoṣo, ó sọ ohun ẹsẹ̀ di ìlù Ṣàngó!

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó ṣẹ̀dá asọ̀rọ̀mágbèsì àti amúlétutù kò wo ìrísí. Iṣẹ́ ni wọ́n wò, wọ́n sì fi "a" olóhùn àárín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, mo mú "ìjánu atinúfẹ̀" wá fún dúrọ́ọ̀mù, "ìjánu adìmú" fún dísìkì, torí páàdì méjì ló ń di àwo náà mú lọ́tùn-ún lósì. "Aláwo" tí ọ̀gbẹ́ni lò fún dísìkì sún mọ́ babaláwo jù. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi kọ ọ́ ní "àdìmú". Apẹja là ń wí, a kì í wí àpẹja. A ti fa èyí rí, n kò gbà, n kò sì ní gbà.

Ẹ tún wò ó: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní dísìkì lẹ́yìn, dúrọ́ọ̀mù kékeré wà láàárín àwo náà fún ìjánu ọwọ́. Ṣé "aláwo onílù" ni ká pe ìyẹn? Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ìtọ́sọ́nà náà dúró sí pẹ́. Ẹni tó yọ dúrọ́ọ̀mù ti yọ ìjánu ọwọ́ mọ́ ọn. Bí kálípà tuntun, ohun tó ń fún páàdì mọ́ àwo, kò bá ní apá tí wáyà ìjánu ọwọ́ máa fà, tí kò sì sí dúrọ́ọ̀mù kékeré yẹn, kí ni yóò mú ọkọ̀ dúró níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Gbólóhùn kan péré ni ọ̀gbẹ́ni fi sí i.

"Fáàfù ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" dára, mo gbóṣùbà fún un. Òun ni kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn há ṣáájú ti iwájú. Ṣùgbọ́n "jẹ́ kí ìjánu ṣẹ̀jẹ̀" tó kọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ wo? Afẹ́fẹ́ ló kó sínú páìpù, a sì ń lé e jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká fi bíréèkì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìjánu ti wà lẹ́nu ẹṣin kí ọkọ̀ tó dé, a sì ń sọ fọ́mọ pé kó kó ara rẹ̀ níjánu. N kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀gbẹ́ni jọ̀ọ́ tún àmì orí bàtà kọ kó tó fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́.