Àlẹ̀mọ́ kọ́, ìdìmú ni

Ẹ̀yin tí ẹ dá a lábàá pé ká máa pe integrin, èròjà purotéènì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, ní "àlẹ̀mọ́ sẹ́ẹ̀lì", ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ìṣe rẹ̀ mu. Ohun tó bá ti lẹ̀, bí àmàlà tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, ó ti lẹ̀ náà nìyẹn, àfi kéèyàn há a. Integrin ń di nǹkan mú, ó sì ń tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ẹlẹ́mu lórí ọ̀pẹ l'Ómù-Àrán. Á sún mọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, á jù ú sókè, á wá fara tì í padà kó lè le. Igbà tí kò bá dẹ̀ rárá, ojú kan ni ẹlẹ́mu máa wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Bí integrin bá tẹ̀ba sára awọ sẹ́ẹ̀lì, agbára káká ni yóò fi di nǹkan mú. Bó bá nàró tó sì la ẹnu, ó dì í mú gírígírí nìyẹn. Oríṣi 24 ló wà lára èèyàn. "Ìdìmú" ni kí ẹ jẹ́ ká pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan oògùn ló dùn mí jù. Abciximab, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1994, ń bo ẹnu ìdìmú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ṣe oníhóró, bí orbofiban, fún ìdìmú kan náà. Ńṣe ni ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò ó. Àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé oògùn náà fúnra rẹ̀ ló ń ya ẹnu ìdìmú. Bí oògùn bá wá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹnu ṣì là sílẹ̀, fibrinogen, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń so àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀, á kó síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi "àlẹ̀mọ́" ṣàlàyé ìyẹn? Gọ́ọ̀mù kì í la ẹnu.

Natalizumab, oògùn mìíràn tó ń bo ẹnu ìdìmú, ńkọ́? Ó jáde ní 2004, wọ́n kó o nílẹ̀ ní 2005 torí àrùn ọpọlọ tí kòkòrò JC ń fà, ó padà ní 2006 pẹ̀lú ìṣọ́ra líle. Ó ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàfára lọ́nà àtiwọ ọpọlọ. Vedolizumab, oògùn ti 2014, ń bo kìkì ìdìmú tó ń darí sẹ́ẹ̀lì sí ìfun, nítorí náà "ìdìmú ìfun" bá tirẹ̀ mu.

Selectin, purotéènì mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kan ara wọn, ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀. Ó kàn ń fọwọ́ ba sẹ́ẹ̀lì tó ń yí lọ ni, kó lè rọra. "Ìfọwọ́bà" ni mo fi sílẹ̀ fún un.