Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn: lọ́yà gba owó lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ owó orí, kò gbé fóònù mi mọ́

Ìyá Gbàǹja Ṣàgámù
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè nínú November 2025 yìí. Obì gbàǹja ni mò ń tà, ọdún kọkàndínlógún rèé, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti bá a. Àwọn onítáàsì, àwọn tó ń gba owó orí, ní mo jẹ àwọn ní ₦4,800,000, wọ́n ní ti ọdún 2021 sí 2023 ni, èmi tí mò ń ra ewé tí mo fi ń bo obì láwìn. Ọ̀rẹ́ àbúrò ọkọ mi kan tó jẹ́ lọ́yà ní òun á yanjú ẹ̀, òun mọ èèyàn níbẹ̀. Ó wá sílé, mo ro àmàlà fún un, mo ka ₦150,000 lé e lọ́wọ́. Látìgbà yẹn bí mo bá pè é á ní òun wà ní kọ́ọ̀tù, nígbà tó yá kò gbé e mọ́ rárá. Mo wá sọ fún àbúrò ọkọ mi, ó ní mo fẹ́ ba òun lójú jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun, pé ṣé mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ná obì lọ́jà ni wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ òfin. Èmi tí mo ran òun náà níléèwé! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni àwọn onítáàsì dé ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin méjì obìnrin kan. Mò ń pààrọ̀ ewé inú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, mò ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, wọ́n dúró lé mi lórí wọ́n ní tí mi ò bá sanwó àwọn á wá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé obì dáadáa ni mò ń jù sínú èyí tó bàjẹ́, ọmọ tó ń bá mi ṣa obì ló pè mí sí i. Gbogbo ọjà ń wò mí. Ṣé kí n wá lọ́yà míì ni, èló ni wọ́n ń gbà, àbí kí n kúkú lọ bẹ̀ wọ́n?

Màmá Tọ́bi, Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, Ọlọ́run á bá yín dá sí i. Àwọn lọ́yà yìí, háà. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlíṣàn, lọ́yà tó bá wa mú un ló padà ra apá kan níbẹ̀, ọdún mẹ́fà la fi ń lọ kọ́ọ̀tù, màmá wa kú sórí ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o.

Bọ̀dá Akáúǹtì, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ìrọ́jú mà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ mo kà á, mi ò rí èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ọjọ́ wo ni lẹ́tà tí wọ́n fi ka owó yẹn sí yín lọ́rùn dé ọwọ́ yín? Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀, tiyín ni àbí ti kọ́ńpìnnì? Ẹ dá mi lóhùn mà, torí 30 ọjọ́ péré lòfin fún èèyàn láti kọ̀wé àtakò.

Ọmọ Ògèrè
Ìyá wa ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ má san kọ́bọ̀. Tinubu ti bu ọwọ́ lu òfin owó orí tuntun ní June 2025, tó bá ti di January 2026 àwọn mẹ̀kúnnù ò ní san nǹkan kan mọ́, gbèsè yẹn á pa rẹ́ ni.

Bọ̀dá Akáúǹtì, Ìjẹ̀bú-Òde
Arákùnrin, ẹ má ṣi màmá lọ́nà. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí èèyàn ń rí lọ́dún ni òfin tuntun ní kí wọ́n má gba owó orí lórí ẹ̀. Láti January 2026 lọ ni. Ti 2021 sí 2023 tó wà nílẹ̀, òfin àtijọ́ ló wà fún un, èlé àti owó ìtanràn á sì máa gun orí ẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí pé òfin tuntun ń bọ̀ jókòó, ilé ni wọ́n á bá a.

Ọmọ Ògèrè
Ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò ni mo sọ o. Gbogbo ẹ̀yin akáúǹtáǹtì, iṣẹ́ lẹ̀ ń wá.

Ìyá Gbàǹja Ṣàgámù
Orúkọ mi ni, mi ò ní kọ́ńpìnnì kankan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú lọ́yà yẹn, kì í ṣe olè, ilé tó dáa ló ti wá, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé àbúrò ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ sí mi bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Àǹtí Lọ́yà, Agọ́-Ìwòyè
Ẹ kú wàhálà mà. Tó bá jẹ́ orúkọ yín ni, ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ máa bá sọ̀rọ̀, owó orí kọ́ńpìnnì ló ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Lọ́yà yẹn, lẹ́tà kan péré ṣé ó kọ ọ́ lórúkọ yín? Ṣé ó fún yín ní rìsíìtì? Ẹni tó ní òun mọ èèyàn níbẹ̀ kò tíì sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú lọ́yà míì, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe ẹjọ́ owó orí rí, torí ẹni tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dáadáa lè má mọ èyí rárá. Kẹ́ ẹ jọ kọ owó ẹ̀ sílẹ̀, iye tó máa gbà lórí lẹ́tà àtakò, iye tó máa gbà tó bá di ẹjọ́. Ẹgbẹ́ àwa lọ́yà ní ẹ̀ka ní Ṣàgámù, ó tún ní ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lè lọ bèèrè orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ mú kẹ́ ẹ tó sanwó.

Alàgbà Òdògbólú
Ẹ má bínú o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà kì í kọ nǹkan sílẹ̀. March 31 lọ́dọọdún ló yẹ kí kálukú ti kọ iye tó rí lọ́dún tó kọjá fún wọn. Ẹ ò kọ ọ́, wọ́n wá fojú díwọ̀n ẹ̀ fún yín, òfin sì gbà wọ́n láyè.

Màmá Tọ́bi, Ìkẹ́nnẹ́
Bàbá, ṣé àsìkò ìbáwí nìyí? Ẹni tí oorun ò kùn lójú.

Alàgbà Òdògbólú
Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìyá Gbàǹja Ṣàgámù
Bàbá, mo ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé mi wà níbẹ̀ láti ọdún 2017, ọmọ mi ló ń bá mi fa ìlà ẹ̀. Owó tí wọ́n rí nínú akáúǹtì mi kọ́ ni mo ní. Àwọn Àláájì ní Kánò ló ń fi owó ránṣẹ́ kí n bá wọn ra obì, mo máa kó o sínú trélà, ₦2,000 ni mò ń rí lórí àpò kan. Ìgbà míì mílíọ̀nù mẹ́ta á wọlé láàárọ̀, kó tó di alẹ́ mo ti kó o fún àwọn olóko ní Ìpẹru àti Òde-Rẹ́mọ. Wọ́n wá ka gbogbo ẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Bọ̀dá Akáúǹtì, Ìjẹ̀bú-Òde
Háà màmá! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ! Ẹni tó ń bá èèyàn ra ọjà, iye tó kù sí i lọ́wọ́ ni wọ́n ń gba owó orí lórí ẹ̀, wọn kì í gbà á lórí owó oníbàárà. Ẹ lọ gba sitétimẹ́ǹtì ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní báǹkì. Gbogbo owó tó bá wọlé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tó jáde, ẹ kọ orúkọ olóko tó gbà á. Ẹ so ìwé ọmọ yín mọ́ ọn pẹ̀lú ìwé trélà. Kí àwọn Àláájì fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé owó àwọn ni. Ìwé àtakò tí kò sọ pé báyìí ni owó mi ṣe jẹ́ gan-an, wọn ò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé o.

Àǹtí Lọ́yà, Agọ́-Ìwòyè
Èmi náà ń dúró de ọjọ́ yẹn mà.

Ìyá Gbàǹja Ṣàgámù
Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe Ọjúde Ọba ló dé, Kábíyèsí Awùjalẹ̀ ò tíì wàjà nígbà yẹn. Mo fi sínú agolo tí mò ń kó owó ewé sí.

Alàgbà Òdògbólú
June! July 13, 2025 ni Ọba Adétọ̀nà wàjà, a sì ti wà ní November.

Ọmọ Ògèrè
Ó ti tán nìyẹn. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín in sí díẹ̀díẹ̀.

Àǹtí Lọ́yà, Agọ́-Ìwòyè
Ẹ dúró ná, kò tíì tán. Lóòótọ́, tí 30 ọjọ́ bá ti kọjá láìsí àtakò, owó yẹn dúró gbọin nìyẹn, wọ́n sì lè lọ gba àṣẹ adájọ́ Háìkọ́ọ̀tù láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù yín. Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e sínú agolo? Ẹ ṣàlàyé fún mi dáadáa. Lọ́yà yẹn ńkọ́, ìgbà wo lẹ fún un lówó?

Ìyá Gbàǹja Ṣàgámù
August ni mo fún un lówó. Mi ò kàn fẹ́ máa sọ ọ́ níta ni. Iju ni wọ́n yọ fún mi, June yẹn kan náà, mo lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ọsibítù torí ojú iṣẹ́ abẹ ò tètè jinná. Ọmọ mi ló gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, kò sọ fún mi títí mo fi padà sílé, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru.

Àǹtí Lọ́yà, Agọ́-Ìwòyè
Màmá, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn! Tí àìsàn bá dá èèyàn dúró, ó lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún òun. Ẹ bá mi wá kádì ọsibítù, ìwé iṣẹ́ abẹ, ìwé tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Kí ọmọ yín náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lòun gba lẹ́tà. Lọ́yà tuntun tẹ́ ẹ bá mú á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé àtakò lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé August ló máa nira láti ṣàlàyé, ìdí nìyẹn tí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí lọ́yà yẹn fi wúlò, ẹ má pa ìkankan rẹ́. Tí wọ́n bá kọ ìwé àtakò yín, 30 ọjọ́ míì wà láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ owó orí ní Ìbàdàn. Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ máa san díẹ̀díẹ̀ o, ìyẹn á dà bíi pé ẹ gbà pé ẹ jẹ ẹ́.

Màmá Tọ́bi, Ìkẹ́nnẹ́
₦150,000 yẹn ńkọ́? Kó dá a padà!

Ìyá Gbàǹja Ṣàgámù
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí kádì. Ó wà nínú báàgì tí mo gbé lọ ọsibítù, mi ò tíì lè ṣí báàgì yẹn látìgbà tí mo ti dé. Ọmọ mi ti ń tú u báyìí. Àǹtí Lọ́yà, ṣé ìwé ẹ̀jẹ̀ tí mo rà náà wà lára ohun tí mo máa mú dání?