Àbádòfin ìkọ̀sílẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀: ta ni yóò kàn?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, mo kí yín. Àbádòfin kan wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, tó ní kí tọkọtaya tó bá fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà fún oṣù mẹ́fà kí kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ wọn, àti pé kò gbọdọ̀ sí dídá owó orí padà mọ́. Wọ́n ṣe ìdána fún èmi àti ọkọ mi, lẹ́yìn náà ni a fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì. Ó ti lé ní ọdún méjì tí kálukú ti ń gbé ilé tirẹ̀. Ṣé òfin yìí yóò dè mí?

Akin: Arábìnrin, ìwé rẹ́jísírì yẹn ni ọ̀rọ̀ dúró lé. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gbé ṣíṣe ìgbéyàwó àti títú u ká lé ìjọba àpapọ̀ nìkan lọ́wọ́, àyàfi ti ìbílẹ̀ àti ti Ìsìláàmù. Nítorí náà, àbádòfin ìpínlẹ̀ kò lè dè yín lórí ìkọ̀sílẹ̀ yìí; òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1970 ni yóò darí ẹjọ́ yín, ilé-ẹjọ́ gíga ni ẹ ó sì gbé e lọ; kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára láti tú u ká. Bí ẹ bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì láìdáwọ́dúró, tí ọkọ yín kò sì tako ìkọ̀sílẹ̀ náà, adájọ́ lè gbà pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ó bá takò ó, ẹ ó dúró títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ẹ má gbàgbé pé àṣẹ àkọ́kọ́ tí adájọ́ bá pa kò tíì parí ọ̀rọ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò tó fìdí múlẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn ṣáájú ìgbà náà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n Akin, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àbádòfin náà kò wúlò. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò fẹsẹ̀ kan rẹ́jísírì rí, àwọn gan-an ló sì kàn. Mo wà ní kóòtù ìbílẹ̀ kan rí tí obìnrin tó ti bímọ fún ọkọ rẹ̀ ń tú owó orí sílẹ̀ níwájú akọ̀wé kóòtù, tí akọ̀wé ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ dúró tì wọ́n tó ń wo ọwọ́ akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ń dá owó yìí padà lọ́jọ́ ìdána fúnra rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ta ọmọ. Mo fara mọ́ apá yẹn tọkàntọkàn. Oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ onílàjà ló ń kọ mí lóminú, nítorí obìnrin tí ọkọ ń lù kò yẹ lẹ́ni tí a ń ní kó padà lọ jókòó.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́?

Akin: Nílé-ẹjọ́ gíga, ire ọmọ ni òfin 1970 ní kí adájọ́ fi ṣáájú. Ìpínlẹ̀ náà lè ṣòfin fún ọmọdé: ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ní 2003, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ní ti ohun tí Ìyá Ìbejì sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí aṣòfin àdúgbò yín kí wọ́n tó ka àbádòfin náà lẹ́ẹ̀kẹta. Gbólóhùn kan tó yọ ẹni tí wọ́n ń lù kúrò nínú oṣù mẹ́fà náà ti tó.