Owó tí ìjọba ń fún àwọn òbí wa lábúlé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Onígàrí:
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Iyàn tí ẹ jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé bí ìjọba bá ń fún tálákà lówó lọ́fẹ̀ẹ́, ọtí ni wọn yóò fi mu, òun ló mú mi kọ èyí. Ti Yèyé tó tọ́ mi dàgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo fẹ́ sọ. Kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Abúlé kan lọ́nà Ìjan-Èkìtì ni à ń gbé. Opó ni Yèyé, wọ́n ń dín gàrí tà, wọ́n sì ní oko ẹ̀gẹ́ tí kò tóbi. Ní Oṣù Kẹwàá 2011 ni ìjọba Èkìtì, nígbà Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè tí kì í gba owó ìfẹ̀yìntì. Owó Arúgbó là ń pè é. Kò sí ẹni tó ní kí Yèyé kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan kí wọ́n tó gbà á, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ọjọ́ orí ni wàhálà tó kọ́kọ́ yọjú. Ta ló ní ìwé ìbí nínú wọn? Yèyé ní ìgbà ogun Hítílà ni wọ́n bí òun. Akọ̀wé ní ṣé wọ́n ti lọ́kọ nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira. Yèyé ní ọmọ wà lẹ́yìn òun lọ́jọ́ náà. Ó kọ orúkọ wọn.

Kí owó yìí tó dé, ohun tó ń jẹ Yèyé níyà jù ni títa ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró. Kí iṣu tuntun tó jáde lọ́dọọdún, ilé máa ń gbẹ. Àwọn oníṣòwò á wá láti Adó, wọn á wo oko, wọn á dá owó lé ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta dáadáa. Owó ọ̀hún kì í tó ìdajì ohun tí ì bá pa bó bá gbó. Bó bá wá gbó tán, àwọn ló ń wá hú u, Yèyé á sì máa fowó ra ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n lè rí nǹkan fi dín gàrí. Ẹ gbọ́ nǹkan! Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó ń ra ẹ̀gẹ́.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, gbọ́múléláńtà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba owó èlé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn rí mọ̀ pé bó bá di ọjọ́ ìpàdé, tí owó ẹnì kan kò pé, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò jókòó síbẹ̀ títí yóò fi pé.

₦5,000 kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ṣùgbọ́n Yèyé mọ̀ pé ó ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò náà sì mọ̀. Ìyá tó ń ta ẹja àti epo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwìn fún wọn láì fajú ro, torí ó mọ ìgbà tí òun máa gbowó òun. Nígbà tó di ọdún kejì, Yèyé kò ta ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró mọ́. Wọ́n gba lébìrà pé kó ro oko, torí ẹ̀yìn wọn kò gba ọkọ́ mọ́, ẹ̀gẹ́ sì dúró títí ó fi gbó. Gàrí ọdún náà ni wọ́n fi san lára owó WAEC mi. Wọ́n tún padà sí ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ti ń sá fún nítorí ìdáwó. Ó dá mi lójú pé ìyẹn dùn mọ́ wọn ju oúnjẹ lọ.

Fàájì tó wà níbẹ̀ ni áṣáà. Wọn kì í ra ti inú bébà mọ́, inú agolo ni wọ́n ń rà á. Bí ẹ bá ka ìyẹn sí ọtí, ẹ kà á.

Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà kò wá mọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, Yèyé rọ́ ọ. Lọ́dún kejì, àwọn ará Adó tún wá wo oko.

Ìyá Ìbejì, Ṣakí:
Ọmọ wa, o ṣé o. Tiwa ní Òkè-Ògùn ni ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2016. ₦5,000 lóṣù, ṣùgbọ́n oṣù méjì-méjì ni wọ́n ń san án pọ̀. Orúkọ ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mú orúkọ ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, obìnrin sọ́tọ̀, ọ̀dọ́ sọ́tọ̀, wọ́n ní kí a dárúkọ ilé tó tòṣì jù. Níbi tiwa, gbogbo wa kàn ń wo ilẹ̀ ni. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹni tí wọ́n jọ ń pọnmi ní òtòṣì? Ìyá àgbà kan ló là á. Wọ́n ní kí a fi òtòṣì sílẹ̀, kí a dárúkọ ilé tí iná kì í sábà jó nínú ààrò rẹ̀ lálẹ́. Ìgbà náà ni ẹnu tó ṣí.

Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bàbá ọkọ mi ní kí Màmá máa kó o wá kí àwọn bá wọn tọ́jú rẹ̀. Màmá ní ó ti wà lára ewúrẹ́. Òótọ́ sì ni. Àwọn obìnrin tó ń gbà á ti dá àjọ láàárín ara wọn, ₦2,000 nígbàkigbà tí owó bá dé. Nígbà tó kan Màmá, abo ewúrẹ́ méjì ni wọ́n rà. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ yẹn la tà nígbà tí ọsibítù ní iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí àwọn ìbejì mi.

Ohun tó korò ni ti àwọn tí orúkọ wọn kò jáde. Obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa kò kí Màmá fún ìgbà pípẹ́. Màmá kò bá a jà. Bí owó bá ti dé, wọn á wọn gàrí ránṣẹ́ sí i, láìsọ nǹkan kan, títí inú rẹ̀ fi rọ̀.

Kò Sí Ìyàtọ̀:
Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa, ti abúlé wa kò dùn tó báyìí. Ibi tí wọ́n ti ń sanwó jìnnà, ọ̀kadà ń jẹ nínú rẹ̀, ẹni tó ń to ìlà náà ń gba tirẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì fi ọgbọ́n yọwọ́ nínú owó ọbẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ìjọba ti ń bọ́ ọ." Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ₦5,000 ṣe ń gba iwájú wọlé ni ₦5,000 ń gba ẹ̀yìn jáde.

Ọmọ Tísà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti 2023 kún un. ₦25,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta, ìdílé mílíọ̀nù 15 ni wọ́n ní yóò kárí. Lọ́tẹ̀ yìí, inú àkáǹtì ló ń gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ni álẹ́ẹ̀tì wọlé fún bàbá mi. Nígbà tó di January 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àwọn ètò náà dúró kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, bàbá sì ti gba ajílẹ̀ láwìn lórí ẹ̀ẹ̀kejì. Lójú tèmi, ₦5,000 Yèyé tí kì í yẹ̀ wúlò fún àgbẹ̀ ju ₦25,000 tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó ń bọ̀.

Ará Peckham:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ṣé kò ní dáa kí ìjọba kúkú ra ewúrẹ́ náà fún wọn tààrà?

Ìyá Ìbejì, Ṣakí:
Ọmọ mi, ta ni yóò bá wọn yan ewúrẹ́? Wọ́n pín adìyẹ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí. Adìyẹ òyìnbó ni, oúnjẹ àpò ló ń jẹ. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rówó oúnjẹ àpò? A sè é jẹ. Nínú owó tí Màmá gbà, òmíràn lọ sórí oògùn ibà, òmíràn lọ sórí bàtà iléèwé. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n gbé fún wọn, wọn á ní láti tà á lójijì kí wọ́n tó rí oògùn rà, iye tó bá sì wu oníbàárà ni yóò san.

Ọmọ Onígàrí:
Bíi ti àwọn ará Adó gẹ́lẹ́.

Ará Peckham:
Ó yé mi, mà. Ṣùgbọ́n èló ni abo ewúrẹ́ ní Ṣakí báyìí?

Ìyá Ìbejì, Ṣakí:
Kì í ṣe iye kan. Jẹ́ kí n ná ọjà kí n tó dá ọ lóhùn. Ṣé o fẹ́ kó ti lóyún ni?