Ṣé wọ́n lè yọ owó ìgbàwọṣẹ́ kúrò nínú owó oṣù mi ìkẹyìn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ̀ nípa òfin iṣẹ́, mo kí yín. Akọ̀wé ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti fún mi ní owó ìgbàwọṣẹ́ 120,000 náírà, yàtọ̀ sí owó oṣù, nígbà tí mo tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ìwé náà sọ pé n óò dá owó yìí padà bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, ṣùgbọ́n kò sọ pé wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ní báyìí tí mo ti rí iṣẹ́ mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ni àwọn yóò yọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú owó oṣù mi ìkẹyìn, tí kò ju 150,000 náírà lọ.

Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé àpapọ̀ ohun tí wọ́n lè yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Òfin náà kò kan àwọn ọ̀gá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe, bí wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ ńlá pe ipò mi. N kò kọ̀ láti san ohun tí mo tọwọ́ bọ̀; ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi gbà á ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn pé kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ ni, àbí kí n lọ fi ẹjọ́ sun ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí sọ bí ó ṣe yanjú rẹ̀.